Àlétúnlé: Ibi Tí Ojú Ènìyàn Ti Ń Jáde Nínú Ọ̀dà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba, ní Ìbàdàn

   

Ẹni tó bá ti Ọjà'ba gòkè bọ̀ wá sí Màpó, tàbí tó ti Bẹyẹrúnkà gba Bẹẹrẹ kọjá, á ti rí irú rẹ̀ lọ́nà: ìsọ̀ kékeré kan tí wọ́n kọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé alámọ̀, páànù tó ti dípẹtà lórí rẹ̀, àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n gbé ti ògiri níta. Ọ̀kan jẹ́ pátákó onídìrí. Ọ̀kan jẹ́ ti olórin fújì. Èyí tó kẹ́yìn kò tíì parí: fìlà wà, iwájú orí wà, ojú méjèèjì wà, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí ẹnu wà, ọ̀dà tí wọ́n fi àkísà nù ló kù síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa á kọjá, a ó ní ọ̀lẹ ni ayàwòrán náà. Bẹ́ẹ̀, ó ti kun ẹnu yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹnu tí wọ́n nù kúrò yìí ló bí ìbéèrè tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò, ìbéèrè kan ṣoṣo sì ni: nígbà wo gan-an ni ọ̀dà tí wọ́n kùn sára aṣọ ń di ènìyàn tí a lè pè lórúkọ?

Èsì tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ gbè lẹ́sẹ̀ kò gùn. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fa ilà, kì í sì í ṣe ìgbà tí wọ́n dán an tó ń kọ mọ̀nà. Àárín méjèèjì ni, nígbà tí ayàwòrán ń pa ohun tó ti ṣe rẹ́ tó sì ń tún un ṣe. Àwọn agbẹ́gilére wa ní orúkọ fún àkókò náà: àlétúnlé.

1. Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní àwòrán

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, nínú àpilẹ̀kọ kan tó gbé jáde ní 2001, tú “àwòrán” sí “à-wò-rántí”, ohun tí a ń wò láti fi rántí. Ẹ kíyè sí i pé ìrántí ló wà nínú orúkọ náà. Ìjọra kò sí níbẹ̀. Ẹni tó sì jókòó tó ń wo ìran, awòran là ń pè é. Ìró ohùn nìkan ló la ààlà sáàárín ẹni tó ń wò àti ohun tó ń wò.

Èdè wa tún da nǹkan kan pọ̀ mọ́ra tí kò yẹ ká fojú fò. A ń ya fọ́tò, a ń ya àwòrán. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Bóyá òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rò pé iṣẹ́ kan náà ni, àfi pé ti ayàwòrán falẹ̀ jù. Kámẹ́rà ń wo ènìyàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìyàn ohun kan ju òmíràn lọ. Ayàwòrán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi kan ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohun kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí, kó tó rí ìkejì. Wíwò rẹ̀ ní ìpele, ìpele yìí la sì ń sọ lónìí.

Nítorí náà, bí a bá sọ “àwòrán ojú” nínú gbọ̀ngàn yìí, ohun tí a ń sọ ni àwòrán ẹnìkan pàtó, èyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n á wò tí á sì dárúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ orúkọ sísàlẹ̀.

Ṣé ó gbọ́dọ̀ jọ ọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí. Ère ìbejì jẹ́ ti ọmọ kan pàtó, ìyá rẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bọ́ ọ. Síbẹ̀ ojú àgbàlagbà ni agbẹ́gilére gbẹ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ló kú. Ẹ tún wá wo àkó ní Ọ̀wọ̀. Nígbà ìsìnkú kejì ènìyàn pàtàkì, wọ́n máa ń gbẹ́ ère tó tó ènìyàn gan-an ní gíga, wọ́n á wọ aṣọ olóògbé fún un, wọ́n á gbé e yí ìlú ká. Ti àkó gbọ́dọ̀ jọ ẹni náà débi pé ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lójú pópó á mọ̀ pé lágbájá ló ń lọ yìí. Ìran kan náà ló ṣe ìbejì tó ṣe àkó. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Yorùbá kò mọ ìjọra, ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn kó lọ wo àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938. A mọ̀ ọ́n. A kàn ń yan ìgbà tí a ó lò ó ni.

Robert Farris Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láti béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tó dára, gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn: jíjọra. Ó sì yé e pé jíjọra tí wọ́n ń sọ ní ìwọ̀n. Kó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kó má jọ ọ́ jù. Ìwọ̀n yẹn ni ayàwòrán ń wá nígbà tó ń nu ẹnu kúrò.

2. Orúkọ mẹ́rin láti ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére

Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà, wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Bandele, ọmọ Areogun gbajúmọ̀ agbẹ́gilére, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bandele yìí ni Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí gbogbo ayé padà mọ̀, ti kọ́ṣẹ́. Carroll jókòó tì wọ́n, ó ń wo ọwọ́ wọn, ó sì kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìpele iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1967.

Mẹ́rin ni. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́: àáké ń já igi, orí ń yà sọ́tọ̀ sí ọrùn, ọrùn ń yà sọ́tọ̀ sí àyà, ohun gbogbo ṣì rí gbàǹgbà-gbàǹgbà. Àlétúnlé tẹ̀lé e: wọ́n á padà sórí ohun tí wọ́n ti là, wọ́n á là á sí kékeré, etí á jáde, imú á jáde. Dídán ni kẹta, ọ̀bẹ ń yọ àmì àáké kúrò. Fínfín ló gbẹ̀yìn: irun, ilà ojú, ọ̀ṣọ́ etí aṣọ.

Kí ló kan agbẹ́gilére kan ayàwòrán? Ó kàn wọ́n gan-an, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn gan-an ló sì mú ọ̀rọ̀ wa lágbára. Agbẹ́gilére kò lè dá igi padà. Imú tó bá ti fò dànù, ó ti fò. Àlétúnlé tirẹ̀ ń yọ kúrò nìkan ni, ìdí nìyẹn tó fi ń fi ìbẹ̀rù ṣe é. Ayàwòrán ní tirẹ̀ lè yọ, ó lè fi kún un, ó lè nù ún, ó lè kùn ún bo mọ́lẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rò pé èyí rọrùn jù. Kò rọrùn. Ẹni tí kò lè padà sẹ́yìn mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí. Ẹni tó lè tún un ṣe títí láé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Inú òmìnira yẹn ni àwòrán ojú ti ń yè tàbí kú.

3. Kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan aṣọ: ọ̀rọ̀ Tutu

Ní 1973, Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́-ọnà. Kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà Slade ní London. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti jókòó fún un ní 1957 kó fi mọ ère rẹ̀. Ọjọ́ kan ló rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan lágbègbè Ilé-Ifẹ̀. Adetutu Ademiluyi, Tutu, ni orúkọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ Ọọ̀ni kan tó ti wàjà. Enwonwu fẹ́ yà á.

Àwọn òbí rẹ̀ kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí àwọn òǹkọ̀wé máa ń sáré kọjá rẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin kan dé, ó ní òun fẹ́ kí ọmọbìnrin yín jókòó kí òun máa wò ó. Òbí Yorùbá wo ni kò ní fajú ro? Wíwo ènìyàn fún ìgbà pípẹ́ ní ìtumọ̀ lọ́dọ̀ wa. A kì í tẹjú mọ́ àgbà, a kì í tẹjú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí náà, ìgbà tí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà bá gbà kí wọ́n wo òun ni iṣẹ́ àwòrán ojú bẹ̀rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kò sì tíì kúrò nínú ike. Enwonwu ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbà fún un.

Ohun tó jáde lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ lórí páálí, wọ́n gbé e kọ́ pálọ̀ kiri. Ọrùn gígùn, orí tó yí díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bà lé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú tó ń wò wá bí ẹni tí kò ní ohunkóhun láti tọrọ. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970 ni. Pé ọmọ Igbo fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ọmọ ọba Ifẹ̀ pẹ̀lú irú ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi kà á sí àwòrán ìlàjà.

Ṣùgbọ́n ohun tó kan ìbéèrè wa nìyí: Enwonwu kò ya Tutu lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yà á. Ó fi èyí tó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì tún padà sórí ojú kan náà ní 1974. Ẹni tó ti ya ojú kan tó sì dára, tí gbogbo ènìyàn ń yìn ín, kí ló tún ń wá? Àlétúnlé ni. Nígbà mìíràn orí aṣọ kan náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà mìíràn aṣọ mẹ́ta ló ń gbà.

Enwonwu kú ní 1994. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi jí ti àkọ́kọ́ náà gbé lọ nínú ilé rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ sí, àfi páálí tí wọ́n tẹ̀. Ní 2017, wọ́n rí èyí tó yà ní 1974 nínú fúláàtì kan ní àríwá London, ilé ìdíje-títà Bonhams sì tà á ní oṣù kejì ọdún 2018 ní £1,205,000. Owó náà pọ̀, àwọn oníròyìn sì sọ ọ́ títí. Ó wu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí pé kí wọ́n ti lo ìdajì ariwo yẹn láti béèrè ìdí tó fi yà á ní mẹ́ta.

4. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ìsọ̀ kan ní Bẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà di ti àwọn ẹni ńlá nìkan, ẹni tó dúró síwájú yín lọ jókòó sí ìsọ̀ ayàwòrán kan ní Bẹẹrẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, nígbà tó ń ya bàbá kan tó ti kú. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà ká wò ni, wọn ò gbà ká polongo wọn.

Ohun tí àwọn ọmọ mú wá ni fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kan, aláwọ̀ funfun àti dúdú, tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́. Wọ́n fẹ́ kó tóbi tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta, nítorí ìrántí ọdún mẹ́wàá. Ayàwòrán kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀dà. Ó lọ fọ́tòkọ́pì rẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́ kún ojú pépà, ó wá fi rúlà àti bírò fa ilà sí i ní ìbú àti òró títí tó fi dà bí pépà ìṣirò. Ó fa irú àpótí kan náà sórí aṣọ kánfáàsì pẹ̀lú pẹ́ńsù, ṣùgbọ́n tìyẹn fẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń kó ohun tó wà nínú àpótí kéékèèké sínú àpótí ńlá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ojú ti pé. Imú wà ní ipò rẹ̀, fìlà gẹ̀ sí ọ̀tún bó ṣe gẹ̀ nínú fọ́tò.

Bó bá jẹ́ pé ìjọra ni gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ìwọ̀n gbogbo ló pé. Ọmọ àgbà dé, ó wò ó títí, ó ní, “Ó jọ ẹni tó jọ bàbá wa.”

Gbólóhùn yẹn yẹ ní kíkọ sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà. Ọnà lílé ti parí, ó sì péye; ènìyàn kò tíì sí níbẹ̀.

Àlétúnlé wá bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni àwọ̀. Fọ́tò kò sọ bóyá bàbá pọ́n tàbí ó dú. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn: èyí ní ó pọ́n díẹ̀, èyí ní ó dú bí kóró iṣin. Ayàwòrán kò dá sí i. Ó ní kí ọmọ kejì, ẹni tí gbogbo wọn gbà pé ó jọ bàbá jù, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí oòrùn Bẹẹrẹ ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé iwájú orí rẹ̀. Kò lo dúdú inú agolo rárá. Ó ní dúdú agolo máa ń sọ ènìyàn di ògiri. Pupa, aláwọ̀ aró àti àwọ̀ ilẹ̀ ló pò pọ̀. Níbi tí oòrùn kàn lára awọ dúdú, ó fi aró díẹ̀ sí i. Lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fi pupa. Ẹni tó bá rò pé awọ dúdú ní àwọ̀ kan ṣoṣo, kó lọ jókòó sí ìsọ̀ yẹn láàárọ̀ kan.

Ìṣòro kejì ni ilà. Samuel Johnson, tó gbé Ìbàdàn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ nípa ilà ojú nínú ìtàn Yorùbá tó kọ, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1921: abàjà, kẹ́kẹ́ tàbí gọ̀ǹbọ́, pélé àti àwọn yòókù. Ojú bàbá yìí ní abàjà, gbogbo ìdílé ló mọ̀, ṣùgbọ́n iná ilé-ìyafọ́tò ti fọ ilà náà dànù. Mẹ́ta-mẹ́ta ni tàbí mẹ́rin-mẹ́rin? Ayàwòrán kun mẹ́ta. Wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kun mẹ́rin. Wọ́n dákẹ́, wọn ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mẹ́fà tó jẹun lọ́wọ́ bàbá kan fún ogún ọdún, kò sí ọ̀kan tó ka ilà ojú rẹ̀ rí. Níkẹyìn wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tó ń gbé ní Bẹyẹrúnkà, òun ló sì ránṣẹ́ padà pé mẹ́rin ni, àti pé ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kò gún dáadáa nítorí ó sunkún gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ayàwòrán nu ilà mẹ́rin tó gún régé kúrò, ó sì kun mẹ́rin mìíràn tí ọ̀kan wọ́ díẹ̀. Ẹkún ọmọdé kan wọ inú àwòrán náà tí kò sí nínú fọ́tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiodun, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ojú inú, ojú tí oníṣẹ́-ọnà fi ń rí ohun tí ojú lásán kò rí. Ní ìsọ̀ yìí, ojú inú náà kò jẹ́ ti ayàwòrán nìkan. Ẹnu àgbà obìnrin kan ló ti yá a.

Ẹnu ló wá ṣòro jù. Ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe ń jókòó fún fọ́tò láyé àtijọ́: wọ́n á na ọrùn, wọ́n á di ẹnu pa, bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́. Ayàwòrán kun ẹnu náà bó ṣe rí. Ọmọbìnrin kan ní bàbá kì í fajú ro báyìí. Ó gbé igun ètè sókè, kò ju bí hóró ìrẹsì lọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó ti àkísà bọ inú kẹrosíìnì, ó nù ún. Ó kun òmíràn, ìyẹn rẹ́rìn-ín bí olóṣèlú tó ń tọrọ ìbò. Ó tún nù ún. Ọjọ́ kẹfà nìyẹn, ọjọ́ tí ẹ̀yin tó ń kọjá rí àwòrán tí kò lẹ́nu tí ẹ ní ọ̀lẹ ni.

5. Onabolu, ẹni tó kọ́ ara rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kúkurú lórí ẹni tó ṣí ọ̀nà yìí nílẹ̀ wa. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1882, bẹ̀rẹ̀ nípa dída àwòrán inú ìwé òyìnbó kọ. Kò sí olùkọ́, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà. Ní 1906 ó ya Ìyáàfin Spencer Savage, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé dúdú kò lè ya ènìyàn kó jọ ènìyàn. Ó di 1920 kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní London. Ọdún 1922 tí ó parí ló ya Sisi Nurse.

Bí a bá gbé ti 1906 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1922, ọdún mẹ́rìndínlógún àlétúnlé ni yóò wà níwájú wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń pè é ní Mr Perspective, nítorí bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú. Ẹni tí kò rí olùkọ́ ló máa ń le mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù.

6. Àwọn tó máa ta kò wá

Ẹnìkan nínú gbọ̀ngàn yìí á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé fóònù òun ń ya fọ́tò tó mọ́ ju gbogbo èyí lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fóònù yẹn kò lè gbé ilà abàjà padà sójú ẹni tó ti kú, kò sì ní ránṣẹ́ sí Bẹyẹrúnkà láti béèrè.

Àtakò kejì lágbára jù ú lọ. Ní oṣù keje ọdún 2018, nígbà tí Ààrẹ Emmanuel Macron ti ilẹ̀ Faransé wá sí New Afrika Shrine ní Èkó, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan, Kareem Waris Olamilekan, jókòó, ó sì ya Macron láàárín wákàtí méjì. Ó jọ ọ́. Macron fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọmọ náà. Níbo ni àlétúnlé wà nínú wákàtí méjì?

Ó wà nínú ohun tó ti ṣe ṣáájú. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ di pẹ́ńsù mú lọ́jọ́ náà. Ojú tó ti yà, tó ti parẹ́, tó ti tún yà kí ọjọ́ yẹn tó dé, ìyẹn ni ìwé tí kò gbé wá sí Shrine. Ìyàtọ̀ kan tún wà tó yẹ ká gbà láìjiyàn: Macron wà láàyè, ó jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ kún inú ìròyìn. Bàbá Bẹẹrẹ ní pásípọ́ọ̀tù kan péré.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Toyin Ojih Odutola, tí wọ́n bí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1985 tó sì dàgbà ní Amẹ́ríkà, gba òkìkí pẹ̀lú bírò lásán, irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń lò. Ilà lórí ilà ló ń fà, ilà á gun ara wọn títí awọ ojú á fi máa dán bí ẹni pé iná wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ya òǹkọ̀wé Zadie Smith, àwòrán náà sì wà ní National Portrait Gallery ní London báyìí. Bírò kì í parẹ́. Kò lè nu ẹnu kúrò bí ará Bẹẹrẹ wa ṣe ń ṣe. Ohun tó bá ti fà ti wà. Àtúnṣe tirẹ̀ ni kó tún fa òmíràn lé e, kí ilà tuntun yí ìtumọ̀ ti àtijọ́ padà. Bí agbẹ́gilére kò ṣe lè dá igi padà lòun náà kò lè dá tádàwà padà sínú bírò. Ọ̀nà kan kò wọjà, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni wọ́n ń ná.

7. Dídán, fínfín, àti ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e

Ìpele tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìsọ̀ Bẹẹrẹ, dídán kò ju kí ayàwòrán fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ǹfẹ̀ pa ààlà àwọ̀ pọ̀ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má baà rí bí pátákó alápá méjì. Fínfín ni iṣẹ́ etí fìlà, bọ́tìnì, irunmú. Àwọn tó ń kọjá máa ń dúró wo ibẹ̀ jù, wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i bó ṣe ya òwú ara aṣọ!” Inú ayàwòrán kì í dùn tó bó ṣe yẹ kó dùn sí irú ìyìn bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé òwú kì í ṣe ìṣòro.

Ohun kan ṣoṣo nínú fínfín ló ń bà á lẹ́rù: ọ̀dà funfun kékeré tó máa kán sínú ẹyinjú, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn padà. Bó bá lọ sókè jù, ẹni náà á máa wo òrùlé. Bó bá tóbi, á dà bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ kẹjọ ló kán an, ní ẹ̀ẹ̀kan, ó mí, ó sì yí àwòrán náà kọjú sí ògiri kó má baà wù ú láti tún fọwọ́ kàn án. Ẹnu ti wà níbẹ̀ nígbà náà. Kì í ṣe ẹ̀rín, kì í sì í ṣe ìfajúro; ó dà bí ẹni tó fẹ́ dáhùn ìkíni.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án àwọn ọmọ wá gbé e. Ọ̀dà kò tíì gbẹ tán, wọ́n sì gbé e sí ìta, ní ẹ̀bá kòtò ẹ̀gbẹ́ títì, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Wọ́n fi mọ́tò gbé ẹ̀gbọ́n bàbá wá láti Bẹyẹrúnkà. Àwọn ọmọ dúró, wọ́n ń wo ojú rẹ̀ dípò àwòrán. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Kò sọ pé ó jọ ọ́, kò sọ pé kò jọ ọ́. Kò tilẹ̀ ka ilà. Ó pe oríkì àbúrò rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò lóòrùn, pé láti kékeré ni orí ti máa ń fọ́ ọ bí oòrùn bá pa á.

Méjì nínú àwọn ọmọkùnrin náà gbé e wọ abẹ́ páànù.